Ẹni Tó Jókòó sí Etí Àwòrán

Ọ̀nà tó wà láàárín ilé méjì ní àdúgbò àtijọ́ kan ní Àjàṣẹ́ kò ju mítà mẹ́rin lọ ní ìbú. Ibẹ̀ ni àwa olùkọ́ mẹ́ta dúró sí ní ọjọ́ kan nínú ìsinmi Àjíǹde, tí a fi ẹ̀yìn ti ògiri ilé kan, tí a sì ń wo ojú ilé kejì tó wà níwájú wa: ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àwọn Àgùdà, tí wọ́n fi ilẹ̀pa mọ ògiri rẹ̀, tí wọ́n sì ṣe ọnà yí fèrèsé rẹ̀ ká gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe é ní Bàhíà. Ẹgbẹ́ wa ló ní kí a ya irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ayàwòrán wà lọ́wọ́ wa, iná rẹ̀ kún, oòrùn sì wà ní ibi tí ó yẹ kó wà. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ẹ̀rọ náà rí kò ju ilẹ̀kùn kan àti fèrèsé kan ààbọ̀ lọ. A sún sẹ́yìn, ògiri ni. A tún sún. Ògiri náà ni.

Ìyá àgbà tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé náà ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, inú ilé náà ni wọ́n sì bí i sí. Nígbà tí a ti gbìyànjú tó ìgbà mẹ́fà, ó béèrè pé: “Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ fẹ́ wó ilé onílé ni, tí ẹ fi ń fi ẹ̀yìn ti ògiri báyìí?” A rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. A ṣèlérí fún un pé a ó padà wá pẹ̀lú ohun èlò tó lè rí ilé rẹ̀ tán. Ìlérí yẹn ló bí gbogbo ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí.

Àwọn òǹkàwé wa tó jẹ́ ọmọ Àjàṣẹ́ mọ irú ilé tí à ń wí. Àwọn tí wọ́n ti oko ẹrú ní Bràsíìlì padà wá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àti àwọn ọmọ wọn lẹ́yìn wọn, ni wọ́n kó iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà ibẹ̀ wá sí etíkun wa. Mọ́ṣáláṣí ńlá Àjàṣẹ́, tí àlejò kì í yé ṣì pè ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí pé ojú rẹ̀ jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà, àpẹẹrẹ iṣẹ́ wọn ni. Ẹni tó bá fẹ́ ya mọ́ṣáláṣí lè rìn sẹ́yìn díẹ̀. Àmọ́ ilé inú àdúgbò, tí òjò ń jẹ ẹsẹ̀ ògiri rẹ̀ lọ́dọọdún, inú ọ̀nà tóóró ló wà, kò sì sí ibi tí ènìyàn lè rìn sẹ́yìn lọ.

Ọ̀kan nínú wa ń kọ́ni ní ìṣirò. Òun ló mú ṣọ́ọ̀kì jáde nínú àpò rẹ̀ (a kì í bá a láìní ṣọ́ọ̀kì, ọjọ́ ìsinmi pàápàá), tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nọ́ńbà sára òkúta ẹnu ọ̀nà. Awò tó bá ẹ̀rọ wa wá láti ilé ìtajà ni èyí tí wọ́n kọ 18-55 sí lára. Nọ́ńbà wọ̀nyí, tí à ń fi mílímítà kà, ló ń sọ bí ojú awò ti fẹ̀ tó: bí nọ́ńbà bá ti kéré sí i ni ojú awò ń gbòòrò sí i. Nínú irú ẹ̀rọ tiwa, èèlò pẹlẹbẹ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ fẹ̀ ju mílímítà 22 lọ díẹ̀, gíga rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 15. Bí a bá pín ìbú yìí sí ọ̀nà 18, tí a sì fi mítà mẹ́rin sọ ọ́ di púpọ̀, kò pé mítà márùn-ún ojú ilé tí a lè rí. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 10 tí a ṣe bákan náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà mẹ́sàn-án. A fi ẹsẹ̀ wọn ojú ilé Ìyá: mítà mẹ́jọ ni.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Mílímítà mẹ́jọ péré ló wà láàárín 18 àti 10. Bí ó bá jẹ́ awò tí a fi ń wo òkèèrè ni, tí a sún un láti 200 sí 208, kò sí ojú tó lè mọ ìyàtọ̀. Níhìn-ín, mílímítà mẹ́jọ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ohun tí à ń rí di ìlọ́po méjì. Irú awò bẹ́ẹ̀ ni àwọn Faransé ń pè ní ultra grand-angle. Àwa yóò máa pè é ní awò olójú gbòòrò.

A dá àjọ. Lẹ́yìn oṣù kan, a rí awò 10-18 kan rà ní Kútọnu, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Canon gbé jáde ní ọdún 2014. Kì í ṣe tuntun. Ẹni tó ní in tẹ́lẹ̀ ń lọ sí òkè òkun, lẹ́yìn ìdúnàádúrà gígùn ó gbà á ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà sẹ́fà, ogójì ẹgbẹ̀rún lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Kò wúwo ju gíráàmù 240 lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé a kò mọ̀ pé ó wà lẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹni tó bá fẹ́ ra àlòkù ní ilẹ̀ wa, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń wọ inú ohun gbogbo, kí ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn awò náà kí ó tó sanwó. Bí ó bá rí ohun funfun tó ta bí okùn aláǹtakùn nínú gíláàsì, èbu ni, kí ó dá a padà. Kí ó sì rántí pé ẹ̀rọ kò dọ́gba: ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ní èèlò ńlá, èyí tó tó mílímítà 36 sí 24, awò 16 ni yóò fún un ní ohun tí 10 ń fún wa. Àwọn tó ra 10 nítorí wọ́n gbọ́ pé 10 ló dára, láìbéèrè irú ẹ̀rọ tí à ń sọ nípa rẹ̀, ti ná owó lásán.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìwà ọmọdé la hù. Ohun gbogbo la ń yà. A gbé awò náà lọ sí Ṣábẹ̀, níbi tí àwọn òkè olókùúta ńlá ti yọrí sókè lẹ́bàá ìlú, tí ọmọ Ṣábẹ̀ tó wà láàárín wa sì ti ń fi yangàn fún wa láti ọjọ́ pípẹ́. A dúró sójú títì, a gbé ẹ̀rọ sójú, a yà á. Nígbà tí a wo àwòrán náà, ojú ọ̀run gba ìlàjì, ọ̀dà títì gba ìlàjì yòókù, òkè Ṣábẹ̀ sì jókòó sáàárín méjèèjì bí òkìtì ọ̀gán. Ọmọ Ṣábẹ̀ kò bá wa sọ̀rọ̀ títí a fi jẹun ọ̀sán.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní irú awò yìí nìyẹn. A rò pé kí ohun púpọ̀ lè wọlé ni a ṣe rà á. Bẹ́ẹ̀ ni fún ilé tó wà nínú ọ̀nà tóóró. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún pápá. Ohun tó bá jìnnà, kékeré ni yóò jẹ́ nínú àwòrán. Ohun tó bá súnmọ́, ìyẹn nìkan ni yóò tóbi. Nítorí náà, ẹni tó bá mú awò olójú gbòòrò lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ wá ohun kan súnmọ́, kí ó sì súnmọ́ ọn débi tí ojú yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tì í.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, obìnrin kan tó ti oko kajú dé gbé agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà láti sinmi. A kí i, a tọrọ àyè, a kúnlẹ̀ síwájú agbọ̀n náà, a sì gbé ẹ̀rọ sí ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan sí i. Èso kajú, pupa àti aláwọ̀ ìyeyè, kún ìsàlẹ̀ àwòrán; ọ̀nà ẹsẹ̀ yọ láti ẹ̀yìn agbọ̀n, ó ń lọ títí dé ẹsẹ̀ òkè. Òkè náà kò tóbi ju ti òwúrọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ojú ti rí ọ̀nà tí yóò gbà rìn débẹ̀. Ọmọ Ṣábẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa sọ̀rọ̀.

Ohun tó yà wá lẹ́nu jù ni pé agbọ̀n hàn kedere, òkè náà sì hàn kedere. Olùkọ́ ìṣirò tún ṣàlàyé. Bí a bá fi awò náà sí 10, tí a dín ihò ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù dé f/8, tí a sì mú kí ojú rẹ̀ balẹ̀ sí ohun tó wà ní bíi sẹ̀ǹtímítà 70, gbogbo ohun láti nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 35 títí dé ibi tí ọ̀run ti kan ilẹ̀ ni yóò mọ́. Kò sí ìdí láti dín ihò náà kù dé f/22 gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ń ṣe; bí ihò bá kéré jù, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú rẹ̀ a fọ́n ká, ohun gbogbo a sì ṣe bàìbàì díẹ̀. Ohun tó yẹ kí olùbẹ̀rẹ̀ ṣọ́ ni etí àwòrán. Òjìji wa wọlé, okùn ẹ̀rọ wa wọlé, a sì ní àwòrán kan tó dára púpọ̀ tí ìbọ̀sẹ̀ ọ̀kan nínú wa fi bà á jẹ́.

Kétu ni a ti gba ẹ̀kọ́ tó yẹ kó kì wá nílọ̀, tí kò sì kì wá nílọ̀. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jáde ní ìlú, ìyẹn Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kéde ní ọdún 2001 pé ogún gbogbo ọmọ aráyé ni. Àwọn àgbà fi ibi tí a lè dúró sí hàn wá, a sì dúpẹ́. Nígbà tí oníjó kan súnmọ́ wa, a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a gbé ẹ̀rọ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan eruku, a sì yà á láti ìsàlẹ̀ sókè. Irin ẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi bí ìkòkò. Igi tí agbẹ́gilére ti fi ọjọ́ púpọ̀ gbẹ́, èyí tó gbé sórí, kéré bí àgbálùmọ̀. Baba kan tó wo ojú ẹ̀rọ wa kò bínú. Ó kàn sọ pé: “Ẹ̀yin olùkọ́, orí ni à ń wò níbi Gẹ̀lẹ̀dẹ́, a kì í wo ẹsẹ̀ nìkan.” A pa àwòrán náà rẹ́, a dìde dúró, a ya èyí tó kù láti ọ̀gangan àyà, láàárín àwọn òǹwòran, ìwọ̀nyẹn sì dára, nítorí pé agbo gbogbo wà nínú wọn: àwọn onílù, àwọn ọmọdé tó gun igi, ìyá tó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Nígbà tí a wà ní Kétu, ó ṣòro kí a má ronú nípa Pierre Verger, ẹni tí ó gba orúkọ Fátúmbí níbẹ̀ ní ọdún 1953. Ẹ̀rọ Rolleiflex ni a mọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Awò irú ẹ̀rọ tí ó lò kò ṣeé yọ pààrọ̀, ojú rẹ̀ kò sì gbòòrò. Bí ó bá fẹ́ kí ohun púpọ̀ wọlé, àfi kí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e sẹ́yìn. Bí ó bá fẹ́ ojú ènìyàn, àfi kí ó súnmọ́ ọn kí ó sì dúró. Ọ̀kan nínú wa, olùkọ́ ìtàn, sọ nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń padà bọ̀ pé bóyá owó awò yẹn ì bá ra bàtà fún wa. A fi ṣe ẹ̀rín.

A padà sí Àjàṣẹ́ ní ọjọ́ Sátidé kan. Ìyá ti gbọ́ pé à ń bọ̀, ó ti wọ aṣọ. A kọ́kọ́ gbájú mọ́ ilé. Ìbú rẹ̀ wọlé pátápátá gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ti wí, ṣùgbọ́n gíga rẹ̀ kò wọlé: láti ọ̀gangan ojú wa, tí a bá gbé ẹ̀rọ dúró gbọọrọ, ìwọ̀n mítà mẹ́rin ààbọ̀ sókè ni ó lè rí, òrùlé sì fi mítà méjì ga ju ìyẹn lọ. A gbé ojú ẹ̀rọ sókè díẹ̀. Ilé náà tẹ̀ sẹ́yìn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí ẹni tí wọ́n tì láyà, ògiri ọ̀tún àti ti òsì súnmọ́ ara wọn lókè bí ẹni fẹ́ kan ara wọn. Gbogbo awò ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí a bá gbé e sókè. Èyí tí ojú rẹ̀ gbòòrò kàn ń ṣe é láìtijú ni. Oògùn rẹ̀ ni kí ẹ̀rọ má tẹ̀ rárá, kí àwa fúnra wa gòkè. Baálé ilé tó kọjú sí ti Ìyá gbà wá láyè láti gun pẹ́tẹ́ẹ̀sì rẹ̀. Láti ojú fèrèsé rẹ̀, tó ga tó mítà mẹ́ta ààbọ̀, a gbé ẹ̀rọ dúró gbọọrọ, a sì rí ojú ilé náà láti ìlàjì mítà sókè títí dé etí òrùlé, ògiri rẹ̀ gún, fèrèsé rẹ̀ gún, àwọn òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe sórí rẹ̀ ṣeé kà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Inú wa dùn. A ò bá ti lọ sílé nígbà náà.

Ṣùgbọ́n àkọ́bí Ìyá ti pe àwọn ẹbí. Àwọn mẹ́rìnlá ni wọ́n dúró níwájú ilé, wọ́n sì fẹ́ kí a ya gbogbo wọn pẹ̀lú ilé náà lẹ́yìn wọn. Ìyá jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, tó wà ní ìpẹ̀kun ilé lápá òsì, níbi tí òjìji wà. Àkọ́bí rẹ̀ fẹ́ gbé àga náà wá sí àárín. Oòrùn wà láàárín, Ìyá lọ́ra. Àwa ni a wí pé kí wọ́n má yọ wọ́n lẹ́nu, pé awò wa yóò rí wọn níbi tí wọ́n wà. A wí i pẹ̀lú ìgbéraga, a kò ní purọ́. Oṣù kan ni a ti fi ń ṣàlàyé fún gbogbo ènìyàn bí awò yẹn ti ń rí ohun gbogbo, ẹ̀rí sì nìyí: ènìyàn mẹ́rìnlá nínú ọ̀nà tí kò ju mítà mẹ́rin lọ, láìsí ẹni tó fún ẹnìkejì pa.

A tẹ̀ ẹ́ jáde lórí bébà ńlá, a sì gbé e lọ fún wọn ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e. Wọ́n gbé e káàkiri, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń fi ìka tọ́ka síra wọn. Nígbà tó dé ọwọ́ Ìyá, ó ní kí wọ́n bá òun mú awò ojú òun wá. Ó wò ó pẹ́. Ó fi ìka kan aṣọ, ó ní: “Aṣọ mi nìyí.” Ó fi ìka kan gèlè, ó ní: “Gèlè mi nìyí.” Lẹ́yìn náà ó gbé àwòrán náà lé itan, ó ní: “Orí mi kọ́ nìyí.”

Gbogbo ilé dákẹ́. Ìgbà yẹn ni àwa náà tó wo ibi tó tọ́ka sí. Orí rẹ̀ ti nà sí etí àwòrán bí ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ọwọ́ fà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì tóbi ju ti ọ̀tún lọ, àgbọ̀n rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ọmọbìnrin kékeré kan tó dúró láàárín rí bí ó ti rí gan-an. Ìyá kì í ṣe ẹni tó ń bọ orí. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ láràárọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Yorùbá kan tí yóò gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu àgbàlagbà tí ara rẹ̀ kò ní bù mọ́lẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa ọmọ wà níbẹ̀, orí àgbà sì wọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, nínú pálọ̀ olùkọ́ ìṣirò, a pa iná, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ògiri. Nígbà tó kọjú sí ògiri gan-an, ìmọ́lẹ̀ náà rí róbótó. Ó dúró sí ibì kan náà, ó yí tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náà sì di ẹyin, ó di ọ̀pọ̀lọ́, ó di ọkọ̀ ojú omi. Bákan náà ni awò tó fẹ́ kí ògiri gún nínú àwòrán ń ṣe sí ohunkóhun tó rí róbótó: èyí tó wà láàárín dúró bí ó ti rí, èyí tó wà létí ń nà. Ní ìwọ̀n 10 lórí ẹ̀rọ wa, ohun tó rí róbótó tó sì wà ní ìpẹ̀kun àwòrán yóò fẹ̀ tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀ gíga rẹ̀. Ògiri kò bìkítà, igi kò bìkítà, ojú ọ̀run kò mọ̀. Orí ènìyàn ni kò ṣeé gbé síbẹ̀. Kì í ṣe àbùkù awò. Òótọ́ pọ́ńbélé ni, a lè fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà kan wà tó lè tún irú orí bẹ́ẹ̀ ṣe. A dán an wò. Orí Ìyá padà sípò díẹ̀, ṣùgbọ́n òpó ẹnu ọ̀nà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Nínú ẹ̀tàn kan àti èkejì, a kò mọ èyí tí a ó mú tọ̀ wọ́n lọ.

Ohun tó yẹ kí a ṣe kò le. Ẹni tó bá ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn pẹ̀lú irú awò yìí, kí ó fi àwọn àgbà sí àárín, kí ó fi àyè sílẹ̀ lápá méjèèjì, kí ó jẹ́ pé ògiri tàbí igi ni yóò wà ní etí. Kí ó sì sún awò náà láti 10 sí 14 tàbí 16 bí àyè bá wà. Àwa ní àyè. A ti lọ́ra láti gbé àga kan rin mítà méjì.

A pinnu láti padà lọ ya Ìyá pẹ̀lú ilé rẹ̀, kí ó jókòó láàárín, lábẹ́ agboòrùn bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kàn, iṣẹ́ wà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a ní ìwé ọmọ ilé-ìwé láti máàkì. Nígbà tí ìdánwò BEPC bẹ̀rẹ̀, òjò náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní òru ọjọ́ kan, ògiri ẹ̀gbẹ́ ilé náà wó, ó sì fa òrùlé mọ́ra. Ọpẹ́lọpẹ́ pé àkọ́bí Ìyá ti mú un lọ sílé tirẹ̀ ní ẹ̀yìn ìlú láti ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kò sẹ́ni tó farapa. Ohun tó kù ni wọ́n wó, kí ó má baà pa ọmọlọ́mọ.

A lọ kí wọn níbẹ̀. Ilé búlọ́ọ̀kù ni, ó mọ́, iná mànàmáná wà, Ìyá sì jókòó sórí àga kan náà. Àwòrán wa wà lára ògiri, nínú férémù aláwọ̀ wúrà. Ó gba ìṣẹ́jú díẹ̀ kí a tó ṣàkíyèsí pé ìwọ̀n rẹ̀ ti yí padà: àwọn ẹbí mẹ́tàlá dúró níwájú ilé, apá òsì sì ti parí sí èjìká ọmọkùnrin kan, etí bébà náà kò gún dáadáa.

Ìyá rí ibi tí ojú wa wà. Ó ní: “Èmi ni mo fi sáàsì gé e. Ẹ má bínú, iṣẹ́ yín dára. N kò kàn fẹ́ kí àwọn ọmọ ọmọ mi bá orí yẹn.”

A dọ̀bálẹ̀. A bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kò tó bẹ́ẹ̀.

Awò 50 tí a yá lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ wa kan ni a lò ní ọjọ́ náà. A gbé ẹ̀rọ sí mítà mẹ́ta, a jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé bọ́ sí wọn lójú, a sì dúró títí wọ́n fi gbàgbé pé a wà níbẹ̀. Nígbà tí a padà gbé e wá, Ìyá tún béèrè fún awò ojú. Ó fi ọwọ́ kan iwájú orí nínú àwòrán, ó mi orí, ó ní: “Èmi nìyí.” Ó yí bébà náà sí ẹ̀yìn, bí ẹni pé nǹkan lè wà níbẹ̀, ó tún yí i padà. “Ilé dà?”

Kò sí èyí tí a lè dáhùn. Nígbà tó ṣe, ó ní kí a bá òun ra férémù kan tó gùn, kí a fi àwòrán ilé tí a yà láti ojú fèrèsé sí apá kan, kí a fi òun sí apá kejì. Ó yan èyí tí kò sí ẹbí kankan níwájú rẹ̀. A ṣe é bí wọ́n ti wí. Káfíńtà béèrè iye àyè tí a fẹ́ láàárín méjèèjì; Ìyá ní kí ó má fi àyè kankan síbẹ̀. Wọ́n ní kí a fi òun sí apá òsì, nítorí apá ibẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà òun wà.